Mi ò ta píkọ́ọ̀pù mi nítorí yìnyín

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi kí òtútù tó dé. Gbogbo ẹni tó bá rí píkọ́ọ̀pù mi ní Chicago níbí ló ń béèrè ìgbà tí màá tà á, torí pé taya ẹ̀yìn méjì nìkan ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tiẹ̀ ti bá mi wá ẹni tó máa rà á. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o, mi ò tà.

Mi ò ní purọ́, ó ti dójú tì mí rí. Ọdún tí mo rà á, yìnyín bo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa (ẹ̀yin ará Chicago mọ̀ pé ìjọba kì í kó yìnyín ibẹ̀). Mo tẹná, ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, taya ń yí fíìì lójú kan títí abẹ́ rẹ̀ fi ń dán bíi dígí. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ló gbé yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń rà fún ológbò láti ṣu sí jáde (tuntun ni o!), ó dà á sídìí taya. Ọkọ̀ yọ.

Ẹ̀yìn tó ṣófo ló fa gbogbo rẹ̀. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì jókòó sí, taya ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ, kò sì sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ní báyìí, tó bá ti di oṣù kọkànlá, mo ń gbé àpò iyanrìn mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó kílò 27. Àárín taya ẹ̀yìn méjèèjì gan-an ni ẹ gbé e sí. Tí ẹ bá tì í sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, á gbé imú ọkọ̀ sókè, sítíárìn ò ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú, kó má di pé ẹ tẹ bíréèkì, iyanrìn fò bá yín. Tí ọkọ̀ bá há, ẹ ya àpò kan, ẹ bù ú sídìí taya.

Ṣùgbọ́n taya gan-an lọ̀gá. Tí òtútù bá ti wálẹ̀ ju 7°C lọ, rọ́bà taya lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Taya tí wọ́n ṣe fún yìnyín kì í le bẹ́ẹ̀, wọ́n ya àwòrán òkè olórí mẹ́ta sí i lára. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ rà o, ẹ má ra méjì ẹ̀yìn nìkan, torí iwájú lẹ fi ń yà.

Ẹ̀yin oní fọ́ọ̀-wíìlì, tí ẹ́ńjìnnì yín ń yí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má bínú. Ó ń gbéra lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti rí jíìpù ńlá nínú kòtò létí ọ̀nà márosẹ̀ I-94, tí èmi ń rọra kọjá lọ. Tó bá jẹ́ orí òkè lẹ̀ ń gbé, ẹ rà á. Chicago tẹ́ pẹrẹsẹ ní tiẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún oníbàárà yín kó padà wá lóṣù kẹrin. Àpò iyanrìn ni màá tà fún un.