Tíì gíríìnì ní kaféènì o

Mẹ́sẹ́èjì kan ń lọ káàkiri WhatsApp pé igi tíì gíríìnì yàtọ̀ sí ti tíì dúdú, pé kò ní kaféènì (èròjà tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè sùn) rárá, ìdí nìyẹn táwọn ará Ṣáínà fi ń jókòó sílé tíì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tí wọ́n ṣì ń sùn fọnfọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Igi kan náà ni, Camellia sinensis, èyí tí wọ́n bá tètè fi iná yan ewé ẹ̀ ló ń dúró ní gíríìnì, èyí tí wọ́n bá jẹ́ kí atẹ́gùn bá jà ló ń dúdú, kaféènì wà nínú méjèèjì. Ní Chengdu, ìlú kan ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń ta mahjong (géèmù wọn kan) nílé tíì, táwọn kan tiẹ̀ ń sanwó kí wọ́n bá wọn wa etí (èmi kọ́!), ife onídèérí kan lèèyàn ń rà, wọ́n á wá máa bu omi gbígbóná lé ewé kan náà títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lásán. Ẹ wo ara páálí tíì gíríìnì yín, bí wọn ò bá kọ decaf (ìyẹn ni pé wọ́n ti yọ kaféènì ẹ̀) síbẹ̀, kaféènì wà ńbẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ò ní èrò burúkú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kàn fi èyí sí gúrúpù yẹn náà.