Gáàsì Wọ Ilé Àgbà, Imú Àgbà Ńkọ́?

Láti 2021 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ètò tí wọ́n pè ní ọdún mẹ́wàá gáàsì (Decade of Gas) ni wọ́n ti ń rọ ará ìlú pé kí wọ́n fi igi àti kẹrosíìnì sílẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èéfín igi kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Àmọ́ orí imú ni wọ́n gbé ààbò gáàsì yìí kà. Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kò lóòórùn. Ethyl mercaptan tí wọ́n ń pò mọ́ ọn ló ń rùn, kí imú tó dá ṣáṣá lè gbọ́ ọ nígbà tí gáàsì inú yàrá kò tíì ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n tó lè gbiná lọ.

Imú tó dá ṣáṣá, ẹ gbọ́ o. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Beaver Dam, Wisconsin, l'Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2002, fi hàn pé nínú 100 ẹni tó wà láàárín 80 ọdún sí 97, ó lé ní 60 tí imú wọn kò gbóòórùn dáadáa mọ́. Ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀. Ojú tó ń ṣe bàìbàì, olójú á mọ̀. Imú kì í ké. Ohun tí ẹ máa rí ni ìyá àgbà tó ń bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ tí gbogbo ilé ti ní iyọ̀ ẹ̀ tó, tàbí tó ń jẹ ọbẹ̀ tó ti kan láìfura. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè, a ní ọjọ́ orí ni.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Ní gbogbo ilé ìlera alábọ́dé, tí nọ́ọ̀sì bá ti wọn ìfúnpá àgbà tán, kó yẹ imú rẹ̀ wò. Kí bàbá dijú, kó fi ìka dí ihò imú kan, kí nọ́ọ̀sì gbé kọfí sábẹ́ ìkejì. Kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n wá fi ewé efinrin tí wọ́n fọwọ́ rún ṣe é bákan náà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí wọ́n má lo Robb o! Iṣan mìíràn tó ń mọ títa ló ń gbé ìyẹn lọ sí ọpọlọ, ẹni tí imú rẹ̀ ti kú pátápátá á ní òun gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ó lè jẹ́ ẹran tó hù sínú imú, tó ṣeé tọ́jú. Ó sì lè jẹ́ àmì àkọ́kọ́ àìsàn Parkinson, ọdún púpọ̀ kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ìjọba tó bá ń pín sítóòfù gáàsì fún àgbà, kó fi ẹ̀rọ tó ń ké bí gáàsì bá ń jò kún un. Ìsàlẹ̀ ògiri ni kí wọ́n kàn án mọ́, kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà 30 sílẹ̀, torí gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá. Èyí tí wọ́n bá gbé kọ́ òkè àjà kò ní tètè ké.

Kó tó dìgbà náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ti pààrọ̀ sílíńdà, ẹ fi omi ọṣẹ pa rẹgulétọ̀ àti rọ́bà rẹ̀ lára. Bó bá ń hó, ẹ tì í pa. Bí màmá bá sì dáná tán, orí sílíńdà gan-an ni kó ti máa tì í, kì í ṣe ojú sítóòfù nìkan.