Gègé urushi: èyí tí kò ní wúrà lára ni kí ẹ rà

Ẹni tó bá ti tọ́jú owó láti ra gègé oníyíǹkì tí wọ́n fi urushi ilẹ̀ Japan kùn, ìmọ̀ràn mi ni pé kó fi èyí tí wọ́n ya ẹyẹ àti òdòdó wúrà sí sílẹ̀, kó mú èyí tó dúdú tàbí tó pupa lásán. Wúrà máa ń bo àléébù. Ara dúdú tó ń dán bíi dígí kì í bo nǹkan kan. Bí eruku bíńtín bá bà lé e kó tó le, ìka á kàn án.

Oje igi ni urushi. Jōbōji, ní ìpínlẹ̀ Iwate, ni wọ́n ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú ti ilẹ̀ Japan fúnra rẹ̀. Igi á ti tó ọdún 10 sí 15 kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Láti oṣù kẹfà ni wọ́n á ti máa fi ọ̀bẹ kọ ọ́ ní ilà ìbú, ọ̀kan lórí èkejì, àfi bí ẹni bu àbàjà fún un, wọ́n á sì máa ha oje tó bá sun jáde. Nǹkan bíi 200 mílílítà ni igi kan ń mú wá, kò kún agolo kóòkì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé e lulẹ̀.

Urushi kì í gbẹ bí ọ̀dà o. Ọ̀rinrin ló ń mú un le. Inú àpótí tí ọ̀rinrin rẹ̀ tó 70 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì lọ́wọ́ọ́wọ́, ni wọ́n ń gbé e sí. Bí ọ̀rinrin bá kéré, á kàn máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni. Bí ó bá pọ̀ jù, tí wọ́n sì kùn ún nípọn, òkè á le, inú á ṣì rọ̀, gbogbo ara á wá hunjọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ó le, wọ́n fi èédú àti omi ha á, wọ́n tún kùn ún. Oṣù ni wọ́n ń kà. Ìdúró yìí gan-an là ń sanwó fún.

Kó tó le, ó máa ń mú ara yún, kó wú. Ìbátan kájú ni. Ẹni tó bá ti fi eyín fọ́ kóró kájú tútù rí mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n tiẹ̀ ń fi epo èèpo kájú ṣe ọ̀dà kan tó ń dán bí urushi, tí kò wọ́n tó o. Ẹ bi olùtajà léèrè èyí tó jẹ́.

Bó bá jẹ́ pé wúrà náà lẹ ṣáà fẹ́, maki-e gidi ni kí ẹ wá: urushi tútù ni wọ́n fi ń ya àwòrán, kí wọ́n tó gbọn lẹ́búlẹ́bú wúrà lé e. Bí gègé méjì bá jọra láìku ilà kan, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ẹ̀tàn bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹ má ṣe sá a sóòrùn, ẹ má fi ọtí líle tàbí omi gbígbóná nù ún. Ẹ má sì ti ìdérí bọ ìdí rẹ̀ bí ẹ bá ń kọ̀wé. Á ha òrùka sí i lára.

Èmi, tamenuri ni tèmi: pupa lábẹ́, urushi aláwọ̀ ilẹ̀ tí a lè rí inú rẹ̀ lókè. Bọ́dún ṣe ń gorí ọdún, tòkè á máa mọ́ sí i, pupa á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ létí ìdérí.