Ta ló ní sọ́jà Japan kì í ṣe ohun tí wọn ò rán an?

Lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, bàbá kan tún gbé e dé: "Ẹ wo Japan ayé àtijọ́. Sọ́jà wọn ò jẹ́ gbé ẹsẹ̀ láìjẹ́ pé ọba wọn pàṣẹ." Gbogbo ilé ní òótọ́ ni bàbá wí. Wọ́n ti gẹ irun mi dé ìdajì, mi ò lè bínú jáde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa ẹgbẹ́ ọmọ ogun Kwantung rí?" Wọ́n ní kí ni wọ́n ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀, mo wá gbé e wá síbí.

Nígbà tí Japan ṣẹ́gun Rọ́ṣíà ní 1905, ó gba ilẹ̀ Kwantung létí òkun ní gúúsù Manchuria (apá àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà nìyẹn), àti ojú irin tó ti ibẹ̀ lọ sí Changchun. (Kì í ṣe Guangdong ti gúúsù Ṣáínà o, orúkọ ló jọra.) Wọ́n fi sọ́jà síbẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ojú irin, ní 1919 wọ́n sọ wọ́n di ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó dá dúró. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni wọ́n gbà wọ́n fún. Ẹ wá wo ohun tí ọlọ́dẹ ṣe.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 1928, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Komoto Daisaku, ọ̀kan lára ọ̀gá ẹgbẹ́ Kwantung yìí, mú kí bọ́ǹbù bú níbi afárá rélùwéè kan nítòsí Mukden, ìlú ńlá kan ní Manchuria. Zhang Zuolin, alágbára tó ń ṣàkóso Manchuria, ló wà nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń kọjá lábẹ́ afárá náà, ó sì bá a lọ. Ọba Hirohito kọ́ ló rán Komoto. Olórí ìjọba, Tanaka Giichi, ṣì fẹ́ lo Zhang ni. Tanaka ṣèlérí fún ọba pé ẹni tó ṣe é á jìyà, àwọn ológun kọ̀ jálẹ̀, ọba bínú, Tanaka kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1929. Komoto ńkọ́? Wọ́n kàn ní kó kúrò nínú iṣẹ́ ológun ni. Ní 1932, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ rélùwéè tó fi bọ́ǹbù sí afárá rẹ̀.

Ti 1931 ló tún wá peléke. Tokyo ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé àwọn ọmọ Kwantung fẹ́ dá nǹkan sílẹ̀, wọ́n rán Ọ̀gágun Tatekawa Yoshitsugu pé kó lọ dá wọn lẹ́kun. Ó dé Mukden nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án. Wọ́n ní ṣé ebi ò pa àlejò ni? Wọ́n mú un lọ sílé fàájì, ọtí wà, obìnrin wà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí bọ́ǹbù fi dún lójú irin ní Liutiaohu, nítòsí Mukden. Bọ́ǹbù ọ̀hún ò tó nǹkan, nítorí rélùwéè kan kọjá lórí irin yẹn láìpẹ́ sí i, ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Wọ́n ní àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Mukden ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá méjì nínú ẹgbẹ́ Kwantung, Itagaki Seishiro àti Ishiwara Kanji, ló pète gbogbo ẹ̀. Ọ̀gá wọn, Honjo Shigeru, wà ní Port Arthur. Òru ni wọ́n bá a sọ ọ́ tó fi fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ 19, àwọn mínísítà Wakatsuki Reijiro, olórí ìjọba ìgbà yẹn, ní kí ọ̀rọ̀ náà má gbilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ 21, Hayashi Senjuro, olórí àwọn sọ́jà Japan tó wà ní Kòríà, kó sọ́jà láti ibẹ̀ sọdá ibodè wọ Manchuria láìgba àṣẹ ọba. Lófin ológun wọn, ẹ̀ṣẹ̀ ikú nìyẹn.

Mo ti bá ẹnì kan bójú tó ilé kíkọ́ rí. Mo sọ fún bíríkìlà pé kó má tíì da dẹ́kìn, àwọn irin inú rẹ̀ ò pé. Mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kọnkéré ti gan. Onílé pariwo títí ohùn ẹ̀ fi há, ó sanwó. Kí ló fẹ́ ṣe, kó wó o? Lọ́jọ́ 22, àwọn mínísítà Japan gbà láti san owó ìrìn àwọn sọ́jà Hayashi, ọba sì fọwọ́ sí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Ìjọba Wakatsuki ò rí ọdún tuntun. Honjo ní tirẹ̀ di olùrànlọ́wọ́ ọba lórí ọ̀rọ̀ ogun ní 1933, wọ́n tún fi oyè dá a lọ́lá ní 1935.

Wọ́n á ní sọ́jà Japan ń kú fún ọba. Wọ́n ń kú fún un lóòótọ́. Komoto náà á ní torí ọba lòun ṣe pààyàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn lè ní àwọn ọ̀gá kan ní Tokyo mọ̀ sí i, àní pé Tatekawa gan-an mọ̀ọ́mọ̀ mutí ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣẹ ọba dà níbẹ̀?

Àwọn ọmọ Kwantung ò sì kọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹfà 1939, níbi ìjà Nomonhan, lẹ́nu ibodè Manchuria àti Mongolia, wọ́n fi bàálù ju bọ́ǹbù sí Tamsak-Bulak nínú ilẹ̀ Mongolia láìgba àyè lọ́dọ̀ Tokyo. Lóṣù kẹjọ, Zhukov, ọ̀gágun Rọ́ṣíà, kó ọmọ ogun rẹpẹtẹ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n yọ ọ̀gá àgbà wọn nípò. Méjọ̀ Tsuji Masanobu, tí iná ìjà náà ń jó lọ́wọ́ ẹ̀ jù, wọ́n kàn gbé e kúrò níbẹ̀ ni. Nígbà tí 1941 fi máa parí, òun ló ń to ètò ogun Malaya fún wọn.