Ẹ Bá Mi Yan Vape Tó Bá Bàtà Mi Mu

Ẹni tó bá fẹ́ ra vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, àkọ́kọ́ láyé ìsinsìnyí kì í béèrè bóyá ó yẹ kóun rà á. Ìbéèrè àwọn àgbàlagbà nìyẹn. Àwọ̀ ló ń béèrè. Ṣé ó wà ní búlúù? Ṣé iná máa ń tàn nídìí rẹ̀ béèyàn bá ń fà á? Bí mo bá fi okùn so ó kọ́ ọrùn, ṣé á hàn nínú fọ́tò? Ohun tó máa bá a wọ ẹ̀dọ̀fóró lójoojúmọ́, ẹ̀yìn pátápátá nìyẹn ń tò sí, bó bá tiẹ̀ ráyè tò.

Ẹ lọ wo wọ́n níwájú gíláàsì ìpàtẹ. Oníbàárà tuntun á gbé ti pupa, á gbé e sílẹ̀. Á gbé ti dúdú, á gbé e sún mọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún. Gbàrà tó bá wá la ẹnu pé, "Èwo ló dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?", ó parí. Ọ̀jọ̀gbọ́n èéfín ti gbọ́. Kò síbi tí wọ́n ti ń bi ìbéèrè yìí tí ọ̀jọ̀gbọ́n èéfín kan kì í sí nítòsí. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń tà á, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ tó sin oníbàárà wá, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rí.

"Àbúrò," lọ̀jọ̀gbọ́n máa wí, "kí lo fẹ́ fi ṣe? Ìkuùkù ni àbí adùn?"

Àbúrò ò mọ̀. Ojú sì ń tì í láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní méjèèjì ni.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, wọ́n ti ń ka wáàtì, ìyẹn agbára iná, wọ́n ti ń ka ọ́ọ̀mù, ìyẹn bí wáyà ṣe ń dá iná dúró tó, wọ́n ti tú ẹ̀rọ mẹ́ta palẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n o, ohun tó ń sọ kì í ṣe irọ́. Bátìrì ló ń gbé iná wọ wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n ká, òwú wà lára wáyà yẹn, òwú ló ń fa omi mu. Wáyà á gbóná, omi á di ìkuùkù, èèyàn á fà á. Ẹni tó bá fẹ́ fà á bí wọ́n ṣe ń fa sìgá, kó kọ́kọ́ dúró lẹ́nu kó tó lọ sáyà, wáyà tí ọ́ọ̀mù rẹ̀ lé ní 1 ni kó wá, ẹ̀rọ kékeré sì ti tó o. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sáyà tààrà, tó fẹ́ kí yàrá ṣú, wáyà tí ò tó ọ́ọ̀mù 1 ni tirẹ̀, pẹ̀lú bátìrì ńlá àti omi tí glycerin, ọ̀kan nínú omi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, pọ̀ nínú rẹ̀. Glycerin ló ń mú ìkuùkù ki. Propylene glycol, èkejì rẹ̀, ló ń ta ọ̀fun díẹ̀, tó sì ń gbé adùn jáde. Ìdajì èyí, ìdajì tọ̀hún, ó bá ẹ̀rọ kékeré lára mu. Ẹ ti gbọ́ ọ tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n á sọ ọ́ láàárọ̀ di ọ̀sán, torí bó bá sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú méjì, kí ló kù tó fẹ́ fi ayé ṣe?

Lẹ́yìn gbogbo àlàyé, ẹ̀rọ tó tóbi jù ni àbúrò máa rà. Èyí tó jẹ́ pé bó bá kì í bọ àpò, ṣòkòtò á fẹ́ bọ́ nídìí. Ìkuùkù ló fà á. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé òun ti dé kò ní lọ ra ẹ̀rọ tí èéfín rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ohun tó ń fẹ́ ni kó tú u jáde, kí wọ́n wá òun tì, kóun wá yọ láàárín rẹ̀ kí ẹnu ya aráyé. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Tiwọn kúkú ń rú.

Ó wá ku níkótìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú. Ibí yìí lọ̀rọ̀ wọn ti máa ń sú mi. Ara ìgò omi ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: 3, 6, 12, 18, 20, ìyẹn iye mìlígíráàmù tó wà nínú mìlílítà kan. Ẹni tó ń mu odindi páálí sìgá kan lójúmọ́ lè nílò èyí tó ga, kí ara má baà máa fà á padà sídìí sìgá. Ẹni tí kì í mu tó bẹ́ẹ̀, èyí tó rẹlẹ̀ tó o. Ẹni tí ò mu sìgá rí, òdo ni tirẹ̀, ẹ̀rọ pàápàá kò kàn án. Àmọ́ fóònù ló kọ́ oníbàárà wa ní ìṣirò, bẹ́ẹ̀, lórí fóònù, nọ́ńbà tó bá pọ̀ jù ló dáa jù. Ó ní kí wọ́n fún òun ní 20.

Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ku ibì kan tí wọ́n lè gbé òun dé. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ JUUL, tó jáde ní 2015, gbé e dé 59, wọ́n fi ásíìdì benzoic sí i, ó di ohun tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ níkótìnì. Ẹ wo ọgbọ́n orí. Níkótìnì lásán, bó bá ti pọ̀ jù, ọ̀fun á ké gbàjarè, èèyàn á gbé e sílẹ̀. Pẹ̀lú iyọ̀ yìí, ọ̀fun ò ní ké mọ́. Ó ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bárakú náà sì ń bá a wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí fífà àkọ́kọ́ ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá bu omi sínú ẹ̀rọ tuntun, ó yẹ kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí òwú mu ún dáadáa. Ta ló ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Kámẹ́rà ti wà lókè. Àbúrò gbẹ́nu lé e, ó fà á dé ìsàlẹ̀ ikùn. Òwú gbígbẹ ló jó. Ikọ́ tó tẹ̀lé e kì í ṣe kékeré. Ojú pọ́n kankan, omi ń dà lójú, ọwọ́ kan wà láyà, èkejì di ẹ̀rọ mú gírígírí kó má já bọ́, torí owó gidi ni wọ́n fi rà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́: "Bó ṣe ń ṣe gbogbo wa níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó máa mọ́ ẹ lára." Àbúrò tún fà á. Níkótìnì 20 dé orí. Ilé ń yí, itọ́ ń ṣàn, òsúkè gbé e. Ó rọra wá ibì kan fìdí lé, ó ní òun kàn fẹ́ yẹ fóònù òun wò ni. Iwájú fóònù ọ̀hún sì rèé, ilẹ̀ ló kọjú sí.

Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ìkuùkù náà hàn nínú fídíò.

Bí ẹ bá wá fi àánú bi í pé sìgá mélòó ló ń mu lójúmọ́ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ bí ohun tó ń sá fún ṣe le tó, á wò yín bí ẹni pé ẹ bú u tìyá-tìyá.

"Sìgá? Èmi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ni?"

Kí ni apárí ń wá lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀? Hon Lik, apoògùn kan ní Ṣáínà, ló ṣe irú ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jáde ní 2003. Amusìgá paraku lòun fúnra rẹ̀, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa bàbá rẹ̀ tóun náà ń mu ún. Ó ń wá bí níkótìnì ṣe máa dé ara láìjẹ́ pé wọ́n dáná sun ewé tábà, torí ibi tí wọ́n ti ń sun ún yẹn ni ọ̀dà àti afẹ́fẹ́ carbon monoxide ti ń jáde. Kó tó kan òun, Herbert Gilbert ní Amẹ́ríkà ti gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1963: sìgá tí ò ní tábà, tí ò ní èéfín. Kò rẹ́ni bá a ṣe é tà. Nígbà yẹn, àwọn amusìgá pọ̀ lọ jàra, àmọ́ wọn ò tíì mọ̀ pé ó yẹ káwọn sá. Ì bá jẹ́ pé àkókò tiwa ló bọ́ sí ni, àwọn tí ò ní nǹkan kan tí wọ́n ń sá fún ì bá ti tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti òru.

Ẹ má sì bá wọn jiyàn o, wọ́n lẹ́rìí lọ́wọ́. Wọ́n á ní omi lásán ni. Kì í ṣe omi. Ìrì kẹ́míkà ni, níkótìnì wà níbẹ̀, èròjà adùn wà níbẹ̀, ohun tí wáyà gbígbóná náà bá sì rí fi kún un á fi kún un. Bẹ́ ẹ bá já wọn níbẹ̀, wọ́n á yọ 95 síta. Ní 2015, Public Health England, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera ará ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọ pé sìgá oníbátìrì fi nǹkan bí ìdá 95 nínú 100 dín léwu sí sìgá tí wọ́n ń dáná sí. Àwọn onímọ̀ kan ta ko ìṣirò ọ̀hún, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀, ká kàn ka gbólóhùn náà dópin: sí sìgá! Amusìgá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àbúrò gbọ́ 95, ó rò pé máàkì ìdánwò ni.

Bẹ́ ẹ bá sì lọ gbé ìdágìrì ọdún 2019 kò wọ́n lójú, ẹ ṣọ́ra, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa jàre yín. Lóòótọ́, ó lé ní 2,800 èèyàn tí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé dèrò ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, 68 nínú wọn sì ti kú nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2020. Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, òróró tí wọ́n yọ lára igbó mímu, tí àwọn kan fi vitamin E acetate lú, tí wọ́n sì ń tà lábẹ́lẹ̀, ni wọ́n rí nídìí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ gbogbo èyí lórí. Á ka ọjọ́ fún yín, á ka iye, á dá yín lẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí a ò bá mọ orísun rẹ̀, a kì í fà á. Lẹ́yìn náà á ki ọwọ́ bọ àpò, á yọ ìgò kan tí ò ní orúkọ kankan lára, tí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pò nínú yàrá, á sì bu ú sẹ́rọ.

Àwọn mìíràn wà tí wọn ò lè jókòó ti ẹ̀kọ́. Èyí tí wọ́n ń fà tán tí wọ́n ń jù nù ni wọ́n ń rà. Àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ohun ìṣeré ọmọdé. Adùn rẹ̀, ẹ má tíì dá sí i: wọ́n ní máńgòrò inú yìnyín, wọ́n ní súwíìtì búlúù, bí ẹni pé búlúù náà ní adùn tirẹ̀. Bátìrì lithium tó ṣì lè gbaná ni wọ́n ń dà sínú ìdọ̀tí lójoojúmọ́. Bẹ́ljíọ̀mù fòfin dè é lọ́jọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025, ìlú ọba tẹ̀lé e lọ́jọ́ 1 oṣù kẹfà. Kí làwọn tó ń ṣe é wá ṣe? Wọ́n lu ihò ṣájà sí i nídìí, wọ́n gbé e padà sórí àtẹ, ó di ẹ̀rọ àlòpẹ́. Àwọn oníbàárà tiẹ̀ wà tí wọn ò rí ihò yẹn rí. Wọ́n ṣì ń jù ú nù.

Ẹ jẹ́ kó wá múra ìrìn àjò. Àpótí ńlá ló máa ń kó ẹ̀rọ sí, àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú á sì tú ẹrù rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, torí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀, ọwọ́ lèèyàn ń gbé e dání. Bó bá wá lọ jẹ́ pé Singapore ló ń lọ, kó fi sílé ni, torí níbẹ̀, kó tiẹ̀ wà lápò lásán, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Brazil fòfin de títà rẹ̀ láti 2009, Íńdíà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2019. Ohun tó ń bí àbúrò nínú nípa àwọn ìlú yìí ni pé fọ́tò tóun fẹ́ yà níbẹ̀ ti bàjẹ́.

Bàbá kan wà tí ẹgbẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ò kà kún nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tó ti ń mu sìgá, ikọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nígbà tó débi ìpàtẹ, èyí tó kéré jù ló mú, àwọ̀ tó bá sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀ ló gbé. Ìbéèrè kan péré ló bi wọ́n: ṣé èyí ò ní jẹ́ kóun lọ ra páálí mìíràn lọ́la? Wọ́n bu 18 fún un. Ó ń fà á ní kọ̀rọ̀, kò tú ìkuùkù sójú ẹnikẹ́ni, kò mọ iye ọ́ọ̀mù tó wà nínú rẹ̀, kò sì béèrè. Bọ́jọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ó ní kí wọ́n bu 12 fóun. Ó tún di 6, ó di 3, ó di èyí tí ò ní níkótìnì rárá. Nígbà tó yá, ó kó ẹ̀rọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ògbólógbòó bátìrì, ó gbé e fún wọn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó mi orí, ó tú ìkuùkù kan jáde tó bo àbúrò mọ́lẹ̀, ó ní, "Ó mà ṣe o. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n fà bọ̀."