Ṣé Yunifásítì Tó Lórúkọ Jù Ló Dára Jù fún Gbogbo Akẹ́kọ̀ọ́?

Nígbà tí ọmọ bá ń múra àtiwọ yunifásítì, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu òbí, olùkọ́ àti ọ̀rẹ́ bí ẹni pé gbogbo wọn jọ kọ́ ọ sórí ni: pé kí ó wá ilé ẹ̀kọ́ tí orúkọ rẹ̀ ga jù lọ nínú àwọn tí yóò gbà á, kí ó sì wọ ibẹ̀, nítorí pé ohun yòówù tí ojú rẹ̀ bá rí níbẹ̀, ọdún mélòó kan ni, yóò kọjá lọ, àǹfààní rẹ̀ yóò sì bá a kalẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé ọmọ tí ó bá béèrè bóyá òun yóò lè sùn dáadáa ní ibi tí òun ń lọ, tàbí bóyá ẹnìkan yóò wà níbẹ̀ tí òun lè bá sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá dojú rú fún òun, a máa dà bí ọ̀lẹ lójú àwọn tó gbọ́ ọ. Èmi kò gbà pé ọ̀lẹ ni. Mo gbà pé ìbéèrè tó yẹ kí ó ṣáájú ni ọmọ náà ń béèrè, mo sì fẹ́ fi ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ hàn pé ìgbàgbọ́ tí a fi ń pa á lẹ́nu mọ́ kò fẹsẹ̀ rinlẹ̀ tó bí a ṣe rò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí a fi ń wọn orúkọ náà. Ọ̀kan nínú àwọn àtẹ ipò yunifásítì tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí ni èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Shanghai, ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, ní ọdún 2003. Nínú máàkì 100 tí wọ́n ń pín, 10 jẹ́ ti àwọn tó jáde níbẹ̀ tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel tàbí àmì-ẹ̀yẹ Fields ti ìmọ̀ ìṣirò. 20 jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. 20 jẹ́ ti àwọn olùwádìí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń tọ́ka sí iṣẹ́ wọn jù. 20 jẹ́ ti iye àpilẹ̀kọ wọn tó jáde nínú Nature àti Science, ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì tó lókìkí. 20 mìíràn jẹ́ ti iye àpilẹ̀kọ ìwádìí wọn lápapọ̀. 10 tó kù sì jẹ́ ti bí iṣẹ́ wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó bí a bá pín in kárí àwọn òṣìṣẹ́. Máàkì 100 ti pé. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ fún iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jókòó sí kíláàsì kan, fún iye ọjọ́ tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ yóò dúró kí ó tó rí agbaninímọ̀ràn, tàbí fún bóyá olùkọ́ mọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àtẹ náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìwádìí ni ó ń wọ̀n, ó sì ń wọ̀n ọ́n. Àwa ni a rán an níṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn àtẹ mìíràn wà tí wọ́n ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n káàkiri ayé, tí wọ́n ń ní kí wọ́n dárúkọ àwọn yunifásítì tí wọ́n kà sí jù nínú ẹ̀ka ìmọ̀ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní òkèèrè lè mọ ìwé tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ níbẹ̀. Kò sí bí yóò ṣe mọ̀ bóyá ọmọ ọdún kìíní tó wà níbẹ̀ ń jẹun lásìkò.

Ẹni tó ń gbèjà ìgbàgbọ́ yìí lè gbà gbogbo èyí, kí ó sì wí pé ọ̀rọ̀ owó ni òun ń sọ, pé ẹni tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá ni wọ́n ń sanwó gidi fún. Òótọ́ ni pé bí a bá kàn kó owó oṣù jọ, ti àwọn tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ńlá a máa pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ń ṣà jọ kì í ṣe ọmọ tí a kàn kó láti ìta. Àwọn tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì ti ní ìfẹ́ àtigòkè ni. Báwo ni a ṣe fẹ́ mọ èyí tí ilé ẹ̀kọ́ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ náà gbé wá? Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Stacy Dale àti Alan Krueger, rí ọ̀nà kan. Wọ́n wo àwọn tó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976, wọ́n sì fi àwọn tí irú ilé ẹ̀kọ́ kan náà gbà wọlé wé ara wọn, bóyá ibi tó ṣòroó wọ̀ jù ni wọ́n lọ tàbí ibòmíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2002, owó tó ń wọlé fún ọ̀wọ́ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọmọ tó lè wọ ibẹ̀ ti ní ohun tí yóò mú un dé ibi tó ń lọ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú fo ìyókù ọ̀rọ̀ náà, nítorí kò ní dára kí a fi àṣejù ṣẹ́gun àṣejù. Dale àti Krueger rí i pé fún àwọn ọmọ tó wá láti ilé tí owó kò sí, ilé ẹ̀kọ́ ńlá mú ìyàtọ̀ wá. Nígbà tí wọ́n padà sórí iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, fún àwọn tí ìran wọn ń sọ èdè Sípéènì, àti fún àwọn tí òbí wọn kò kàwé púpọ̀. Lójú tèmi, ojúlùmọ̀ ló fa èyí: ẹni tí kò ní ẹnikẹ́ni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un nílé lè rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń ronú ibi tí yóò lọ, ó yẹ kí èyí wà lórí òṣùwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wà lórí òṣùwọ̀n pẹ̀lú nǹkan mìíràn ni.

Nǹkan mìíràn náà ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin kan tó ti ń gba ipò kìíní láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó wọ yunifásítì tí ó jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ti gba ipò kìíní rí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n dá ìwé ìdánwò ìṣirò àkọ́kọ́ padà. 51 ni wọ́n fi bírò pupa kọ sí igun tirẹ̀. Ó ṣẹ́ igun ìwé náà po, ó sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹni tó jókòó tì í má baà rí i. Láti ọjọ́ náà kò nawọ́ sókè ní kíláàsì mọ́. Nígbà tí ọdún yóò fi parí, ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní ọpọlọ ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìṣirò tó mọ̀ báyìí ju èyí tó mọ̀ nígbà tó ń gba ipò kìíní lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni àwọn tó jókòó yí i ká.

Herbert Marsh, onímọ̀ nípa ìhùwàsí àti ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ̀wé nípa èyí láti ọdún 1984. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ọmọ méjì bá mọ̀wé bákan náà, èyí tó wà láàárín àwọn tó mọ̀wé jù ni yóò fojú kéré ìmọ̀ ara rẹ̀, wọ́n sì ti rí i bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn ọmọ tí kò tíì dé yunifásítì ni púpọ̀ nínú ìwádìí náà dá lé lórí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti bá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èsì ìdánwò àkọ́kọ́ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò yọ yunifásítì sílẹ̀. Ojú tí ọmọ bá fi ń wo ara rẹ̀ ló ń pinnu bóyá yóò béèrè ìbéèrè, bóyá yóò tún gbìyànjú, bóyá yóò fi ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó fẹ́ràn sílẹ̀.

Èyí tó máa ń dùn mí jù nínú ìgbàgbọ́ yìí ni apá rẹ̀ tó sọ pé ẹni tó bá le yóò fara dà á. Másùnmáwo díẹ̀ kò burú. Ìdánwò tó ń bọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2018 lábẹ́ ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní bíi 14,000 léèrè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga 19 ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. Ìdáhùn 35 nínú ọgọ́rùn-ún wọn fi hàn pé, ó kéré tán, àìsàn ọpọlọ kan ti bá wọn jà rí, bí ìsoríkọ́ tàbí àníyàn tó kọjá àlà. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 sọ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó kọjá ọmọ ọdún 24. Ọjọ́ orí yunifásítì gan-an nìyẹn. Ẹni mẹ́ta bá jókòó sórí ìjókòó kan, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn ti ru ẹrù yìí rí kí ó tó wọlé. A kò lè pe ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ wa ní aláìlágbára, kí a sì sọ pé a ti dáhùn ọ̀rọ̀.

Kí ni ó wá ń mú kí ara akẹ́kọ̀ọ́ yá, kí ó sì dára fún un lẹ́yìn ìgbà náà? Ní ọdún 2014, ilé iṣẹ́ Gallup, tó ń ṣe ìwádìí èrò àwọn ènìyàn, àti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bi àwọn bíi 30,000 tó ti gboyè léèrè nípa iṣẹ́ àti ìgbé ayé wọn. Bóyá ti ìjọba ni ilé ẹ̀kọ́ wọn tàbí ti aládàáni, bóyá ó ṣòroó wọ̀ tàbí kò ṣòroó wọ̀, ìyàtọ̀ tó mú wá kò tó nǹkan. Àwọn tó sọ pé àwọn ní olùkọ́ kan tó bìkítà fún àwọn gẹ́gẹ́ bí ènìyàn, olùkọ́ kan tó mú kí ẹ̀kọ́ dùn mọ́ àwọn, àti ẹnìkan tó gba àwọn níyànjú lórí ohun tí àwọn ń lé, ni ayé wọn dára jù, tí iṣẹ́ wọn sì ń gbádùn mọ́ wọn jù. 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú ìwádìí báyìí kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn olùkọ́ náà ló fà á, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹni tó ń túra ká ni olùkọ́ ń sún mọ́. Síbẹ̀, ó tọ́ka sí ibi tó yẹ kí a máa wò.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń yan yunifásítì, ẹ béèrè iye agbaninímọ̀ràn tí wọ́n ní àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní. Àjọ kan tó ń rí sí iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti dábàá rí pé kí agbaninímọ̀ràn kan wà fún akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 sí 1,500. Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó rí ẹni náà lẹ́ẹ̀kíní, kí ẹ sì béèrè ti ẹ̀ẹ̀kejì lọ́tọ̀, nítorí àwọn ibi kan wà tí wọ́n ń yára gbọ́ ẹjọ́ ènìyàn lọ́jọ́ kìíní, tí wọn yóò sì wá fi orúkọ rẹ̀ sórí ìwé títí sáà ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ẹ béèrè bóyá ìdánwò kan ní òpin ọdún ló gbé gbogbo máàkì, tàbí wọ́n ń pín in kárí ọdún. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣàìsàn tó sì ní láti lọ sílé fún sáà kan: ṣé àyè rẹ̀ yóò dúró dè é, ṣé owó tó ti san yóò ṣòfò, ta ni yóò buwọ́ lu ìwé ìpadàbọ̀ rẹ̀? Ẹ béèrè bí ó ṣe rọrùn tó láti kúrò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà nínú ìdààmú kìkì nítorí pé wọ́n há sí ibi tí wọn kò bá yàn bí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n mọ̀ báyìí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ oorun pẹ̀lú. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán, lóru. Bí ọmọ bá ń gbé ibi tó jìnnà, tí kíláàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, tó sì ní láti ṣiṣẹ́ owó lálẹ́ kí ó tó lè san owó ilé, ẹ mú bírò kí ẹ kọ wákàtí 24 sílẹ̀, kí ẹ pín wọn, kí ẹ wo èyí tó ṣẹ́ kù fún oorun. Ọ̀pọ̀ yíyàn tó dára lórí ìwé ló ń wó ní ìdí ìṣirò kékeré yìí.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún ilé ẹ̀kọ́ ńlá o. Àwọn kan wà nínú wọn tó ń tọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ kékeré wà tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí olùkọ́ kì í wá, tí èsì ìdánwò sì ń pẹ́ títí ọkàn yóò fi pòrúùru. Kíkéré kì í ṣe ẹ̀rí ìfẹ́. Ibi tó sún mọ́ ilé náà lè jẹ́ ìsinmi fún ọmọ kan, kí ó sì jẹ́ ìhámọ́ fún òmíràn.

Bí ẹ bá lè dé ibẹ̀, ẹ lọ ní ọjọ́ tí wọn kò retí àlejò, ní àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí ìdánwò bá ti sún mọ́lé. Ẹ jókòó sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun, kí ẹ wò bóyá wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wá ẹni tó wà ní ọdún kẹta, nítorí ọmọ ọdún kìíní kò tíì mọ̀, ẹni tó sì fẹ́ gboyè ti ń gbàgbé. Ẹ bi í pé nígbà tí nǹkan le fún un jù níbẹ̀, ta ni ó kọ́kọ́ mọ̀, báwo sì ni ẹni náà ṣe mọ̀. Àwọn kan yóò dárúkọ olùkọ́ kan lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn yóò dákẹ́ díẹ̀, wọn yóò sì sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.