Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò

Àwọn àgbà sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfarakanra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pápá squash, eré tí a ti ń fi ràkẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, kì í ṣe ojú ọ̀run. Yàrá ológiri mẹ́rin ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 9.75, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 6.4, inú rẹ̀ sì ni ẹni méjì ti ń ju ràkẹ́ẹ̀tì fìrìfìrì lórí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ní ti tẹníìsì, àwọ̀n là wọ́n láàárín. Níhìn-ín, kò sí ohun tó là wọ́n. Àyè tí yàrá náà kò ní, ìwà àwa tí a wà nínú rẹ̀ ni yóò pèsè rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti lé ní ọdún 35, tí ẹ ń bá àwọn àgbà díje, ẹ jẹ́ kí á bá ara wa sọ òótọ́. Nígbà èwe, bí a bá gbá bọ́ọ̀lù tán, a ti kúrò lọ́nà. Nísinsìnyí, orúnkún a máa lọ́ra, a sì lè dúró sójú ọ̀nà ẹnìkejì wa láìmọ̀ọ́mọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá sa gbogbo ipá wa láti yà fún un, tí kò sì rí àyè gbá bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ rẹ̀ ì bá tó, let ni, kí á tún un gbá. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sapá, tàbí tí ó jẹ́ pé ìgbá tí ì bá fi borí ni a dí, stroke ni, àmì náà di tirẹ̀. Kí a mọ èyí, kí á tún máa ṣàwáwí, ni mo kà sí ìwà tí kò yẹ orí ewú.

Ti bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń gbá láìsí rẹfirí, ẹ̀yìn wa nìkan sì ni ẹnìkejì ń rí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú. Àwa nìkan ni a mọ̀ pé bọ́ọ̀lù náà ti kú kí a tó gbá a. Kí á dáwọ́ dúró, kí á sọ ọ́ fúnra wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wá.

Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Bọ́ọ̀lù squash kò ju nǹkan bíi mílímítà 40 lọ ní ìbú, nítorí náà ó lè wọ ihò ojú ènìyàn. Ẹni tí bọ́ọ̀lù yí ká ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ní láti yípo kí ó tó gbá a, kí ó dúró, kí ó béèrè let, nítorí kò lè mọ ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ wà. Mo mọ bí ó ti ń dunni tó láti fi irú ìgbá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí eré gbóná, síbẹ̀ àmì kan kò tó ojú ẹnìkan.

Ní ọ̀pọ̀ ìdíje wa, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà ni wọ́n ń ní kí ó ṣe rẹfirí eré tó kàn. Òógùn kò tíì gbẹ lára rẹ̀, ẹni tó bá rẹfirí tirẹ̀ jiyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn á gòkè lọ jókòó sórí àga yẹn kan náà, àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ á sì gbójú sókè sí i fún ìdájọ́.